Ọ̀nà Eléèédú: Láti Etí Adágún Dé Ibi Tí Màlúù Ti Ń Jẹ̀ Lórí Òkè

Ẹni tó bá gbéra n'Ìbàdàn, tó fẹ́ rìn láti etí adágún omi kan lọ sórí òkè ní apá Òkè-Ògùn tàbí Ìbàràpá, ọ̀nà mẹ́ta ló máa bá nínú igbó. Ọ̀nà odò ṣe tóóró, ó sì lọ tààrà, nítorí ẹni tó ru omi sórí kì í fẹ́ yípo. Ọ̀nà màlúù kì í ṣe ẹyọ kan: ìlà mẹ́rin, márùn-ún, nígbà míì mẹ́wàá, tó ń yà kúrò lára ara wọn, tó tún ń padà wá lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n di. Ọ̀nà eléèédú ni ìkẹta. Òun ló dára jù lójú, òun náà ló sì ń tan àlejò jẹ jù.

Ó fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ti le, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá rí i á sọ pé ọ̀nà tó mọ́ tó báyìí, ó dájú pé ibi gidi kan ló ń lọ. Ibi gidi kan ló ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn yín ni ibẹ̀ wà. Títì ni ọ̀nà eléèédú mọ̀, kò mọ orí òkè. Ibi tí igi wà ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti lè gbé àpò ló parí sí. Ẹni tó bá ń bá a gòkè, ńṣe ló ń rìn ín láti ìparí lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà á sì máa pín mọ́ ọn lọ́wọ́ bí gbòǹgbò: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, èyí tó bá kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ á já sí ojú ilẹ̀ dúdú roboto kan tí kò sí ọ̀nà míì níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ ṣìnà. Ibẹ̀ lọ́nà parí sí.

Bí wọ́n ṣe ń sun èédú ló fà á. Kìlò igi 100, tí wọ́n bá fi òkìtì oníyẹ̀pẹ̀ sun ún, kìlò 10 sí 20 ni èédú tó máa ń sábà tibẹ̀ jáde. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọwọ́ tó ń kánjú á rí eérú. Ta ló wá fẹ́ ru igi 100 kìlò jáde nínú igbó nítorí èédú 15 kìlò? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé iná lọ bá igi. Ibi tí igi bá ti tán, òkìtì á ṣí kúrò níbẹ̀, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ á sì kú. Ọ̀nà eléèédú tó ti gbó, òkú ọ̀nà tó pọ̀ ló so mọ́ ọn lára.

Orúkọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tí igi èédú wà: ẹ̀bá ọ̀dàn, ibi tí igbó ti ń tán tí koríko ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ọ̀dàn le, ó sì wúwo, òun ló ń ṣe èédú tó ń pẹ́ níná. Àyìn làwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn jù, wọ́n tún máa ń gé ayan, asapa, apá àti emi. Ti emi yẹn ń dun àwọn ìyá tó ń ṣe òrí, wọn ò sì jẹ̀bi. Igi tí wọ́n ń ṣa èso rẹ̀ lọ́dọọdún ni ẹlòmíì gé lulẹ̀ fún àpò èédú mélòó kan.

Tí ẹ bá mọ bí òkìtì ṣe ń rí, ẹ ó lè ka ilẹ̀ lẹ́yìn tí òkìtì ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n á gé igi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Wọ́n á wá tẹ́ igi pẹlẹbẹ sílẹ̀ bí ẹní kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n á to èyí tó nípọn sí àárín, wọ́n á fi èyí tó tín-ín-rín dí àlàfo. Ewé tútù àti ẹ̀kan ló máa bò ó, kí yẹ̀pẹ̀ má baà jò wọ àárín igi. Lórí ewé náà ni yẹ̀pẹ̀ máa wà, ó kéré tán kó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n á fi ẹnu iná sílẹ̀ lápá kan, wọ́n á lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ yíká.

Èéfín funfun tó nípọn ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Omi inú igi nìyẹn. Lẹ́yìn náà á ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, á sì máa ta ojú. Nígbà tó bá wá fẹ́lẹ́, tó dà bí aró tí wọ́n fi omi là, èédú ti jinná, wọ́n á yáa fi yẹ̀pẹ̀ dí gbogbo ihò. Òkìtì kékeré lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ńlá lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnì kan ní láti wà nítòsí tọ̀sán-tòru, nítorí tí yẹ̀pẹ̀ bá lanu níbì kan tí afẹ́fẹ́ sì wọlé, iná á là, gbogbo iṣẹ́ á di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí arìnrìn-àjò fà yọ nínú èyí. Ẹni tó ń sùn ti òkìtì nílò omi, torí náà ọ̀nà tínínní kan sábà máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ òkìtì lọ sí odò. Ẹ má rò pé òun ló ń gòkè. Èkejì, òkìtì kì í gbé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ á máa ya, àgbàrá á sì wọlé sí i lábẹ́, nítorí náà ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: láìsí yẹ̀pẹ̀, kò sí òkìtì. Àwọn òkè wa, àpáta ni wọ́n. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ìdí àpáta ni yẹ̀pẹ̀ á máa fẹ́lẹ́ sí i, títí dé ibi tí kò ti ní tó bo igi mọ́. Òkìtì tó kẹ́yìn máa ń wà ní ìdí òkè. Lókè ibẹ̀, màlúù nìkan ló lọ́nà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nínú fídíò tí wọ́n wá ń rò pé bákan náà ló máa rí níbí. Lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ òkè gan-an ni igbó wà, àwọn tó ń sun èédú láyé àtijọ́ sì máa ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè náà kó di pẹpẹ kí wọ́n tó to igi lé e. Òkè igbó yẹn ni pápá koríko wà, tí wọ́n ń kó màlúù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ọ̀nà èédú àti ọ̀nà pápá lè jẹ́ ọ̀nà kan náà níbẹ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti fò láti ara ọ̀kan sí ìkejì, ibi tí ẹ ti máa fò yẹn sì ni gbogbo ọgbọ́n ìrìn yìí wà.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dá ojú òkìtì àtijọ́ mọ̀. Lójú ọ̀nà tó ti pẹ́, ẹ ò ní rí èédú nílẹ̀ gbalaja. Koríko ni ẹ kọ́kọ́ máa wò: ibì kan tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta sí mẹ́fà, tí koríko rẹ̀ ò bá ti àyíká dọ́gba, yálà ó ga jù tàbí ó kúrú jù. Ẹ wo ẹnu ihò òkété tó bá wà nítòsí. Òkété kì í purọ́: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń kó jáde, tí yẹ̀pẹ̀ ẹnu ihò rẹ̀ bá dúdú tí ti ihò tó wà ní mítà 20 síbẹ̀ sì pupa, ojú òkìtì lẹ dúró sí. Ẹ fi ìka tú u wò. Ẹ ó rí èédú wẹ́wẹ́ níbẹ̀, torí èédú kì í jẹrà bí igi. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ọ̀kan tó tó ìka, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Èyí tó jinná á dún ṣaka bí àpáàdì, ojú ibi tí ẹ ṣẹ́ á máa dán, òrùka igi á ṣì hàn níbẹ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kun yín lọ́wọ́. Èyí tí kò jinná á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín, kò ní dún. Létí ojú òkìtì, yẹ̀pẹ̀ tí iná ti sun máa ń pupa, ó máa ń le bí àfọ́kù ìkòkò.

Ẹ wá gbójú sókè wo àwọn igi. Kùkùté tí wọ́n gé tí kò kú á ti rú: igi mẹ́rin, márùn-ún á jáde láti ìdí kan ṣoṣo. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀ púpọ̀ tí gbogbo wọn nípọn bákan náà, ìgbà kan náà ni wọ́n gé wọn. Bí ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ṣe nípọn? Ọ̀nà ibẹ̀ lè ṣì ṣí. Bí itan? Ẹ má retí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́, ewé Akíntọ́lá ti gbà á.

Ní oríta, ẹ̀ka tó jìn wọ ilẹ̀ jù ni ẹrù púpọ̀ ti gbà kọjá, ìyẹn ni pé òkìtì púpọ̀ wà lórí rẹ̀. Òun ni kí ẹ dì mú, àfi tó bá ń sọ̀ lọ sí ojú odò. Tí ẹ̀ka méjì bá jọra, ẹ yan èyí tó ń gba àárín odò méjì, tó ń bá ibi gíga lọ. Gbogbo oríta pátá ni kí ẹ sàmì sí lórí fóònù. Ẹ ti wa máàpù agbègbè náà sílẹ̀ láti ilé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ tún to òkúta mẹ́ta léra ní oríta náà, sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ gbà. Fóònù lè kú. Òkúta kì í kú.

Àwọn tó ń rin igbó náà ní àmì tiwọn. Ewé tútù tàbí ẹ̀ka igi tí wọ́n gbé dábùú ẹnu ọ̀nà kan ní oríta máa ń túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má gba ibẹ̀. Màrìwò ọ̀pẹ tó bá so kọ́ sójú ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríta nìyẹn. Ẹ yípadà láìbéèrè ìdí.

Tí ẹ bá pàdé ènìyàn, ìbéèrè ni wàhálà. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń béèrè pé, “Ṣé ọ̀nà òkè nìyí?” Àgbẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé òkè náà wà lọ́ọ̀ọ́kán lóòótọ́, kò sì fẹ́ já yín kulẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà yìí, ṣé ó já?” “Ó já” túmọ̀ sí pé ó lọ dé ibì kan. “Kò já” túmọ̀ sí pé ojú òkìtì ló máa kú sí. Tó bá ní kò já, ẹ tún bi í pé, “Níbo làwọn màlúù ń gbà gòkè, sà?” Ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí ni ẹ wá.

Àsìkò ìrìn ń fa àríyànjiyàn. Ẹni tó fẹ́ rí koríko tútù lórí òkè á sọ pé ìgbà òjò ni, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Òótọ́ ni, àmọ́ àpáta máa ń yọ̀ nígbà náà, odò á kún, koríko inú ọ̀dàn á sì ga ju ènìyàn lọ, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ ara yín. Oṣù kọkànlá, òjò ti dáwọ́, ṣùgbọ́n koríko ṣì dúró. Àsìkò tí ó dára jù lójú tèmi ni oṣù kìíní, lẹ́yìn tí iná ti jó ọ̀dàn kọjá. Gbogbo ọ̀nà ló máa ń hàn lójú ilẹ̀ dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé koríko tó ní gbòǹgbò jíjìn máa ń hù padà lẹ́yìn iná láìsí òjò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí ewé tútù yẹn làwọn darandaran ṣe ń tẹ̀ lé iná. Pápá tútù àti ọ̀nà gbígbẹ ní àsìkò kan náà, ẹ ò tún lè rí irú ẹ̀ nínú oṣù míì. Ohun tí ẹ máa fi san án ni ooru ọ̀sán, ọyẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ rí òkè tó wà ní kìlómítà márùn-ún, àti àìsí ibòòji.

Iná náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ lè bá a pàdé. Tí ẹ bá rí èéfín tó nípọn lọ́dọ̀ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ má sá lọ sókè: iná máa ń sáré gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju ènìyàn lọ. Ẹ wá àpáta gbalasa tí kò ní koríko lára, tàbí ilẹ̀ tí iná ti jó tẹ́lẹ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀ títí tó fi máa kọjá.

Láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn, títì tó gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn tó nǹkan bí kìlómítà 65. Ẹ jókòó sí ojú fèrèsé, kí ẹ máa wo ẹ̀bá títì. Níbi tí ẹ bá ti rí àpò èédú tó tò, tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu tí wọ́n sì fi okùn hun lórí, ẹnu ọ̀nà eléèédú kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá Ìṣẹ́yìn, adágún dámù Ìkẹ̀rẹ̀, tó dá odò Ògùn dúró, ni omi ńlá tó wà níbẹ̀. Adágún Ìyákẹ́ ní Adó-Àwáyé yàtọ̀: orí òkè ni òun wà, àtẹ̀gùn 369 lẹ máa gùn kí ẹ tó débẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ èédú níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dára fún ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ àpáta rí, kó lọ fi kọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò tíì rìn rárá, kó kọ́kọ́ rin etí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí ní òwúrọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, pẹ̀lú ẹrù tó máa gbé gan-an lẹ́yìn.

Ẹ má bọ́ sínú omi adágún, ì báà jẹ́ láti fọ ẹsẹ̀. Omi tí kò ṣàn, tí ìgbín kéékèèké wà létí rẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti ń kó àtọ̀sí ajá. Ẹ má sì gba orí oko àkùrọ̀ tó wà létí omi kọjá. Ẹ̀fọ́ àti tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gbìn síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ti ní ìjà tó tó pẹ̀lú màlúù, kí wọ́n má tún bá ẹsẹ̀ bàtà níbẹ̀. Oko yìí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀nà eléèédú dára fún ìdajì àkọ́kọ́. Ọ̀nà màlúù náà ń já sí adágún, torí wọ́n gbọ́dọ̀ mu omi lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ níbẹ̀ ó ti fọ́nká, ó kún fún ẹrẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ oko.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kó tó di aago méje òwúrọ̀. Nínú oṣù kìíní, ilẹ̀ ń ṣú láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti padà dé ojú títì kó tó di aago márùn-ún. Lójú ọ̀nà eléèédú, kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan ni kí ẹ ṣírò. Lẹ́yìn òkìtì tó kẹ́yìn, ẹ pín in sí méjì. Aago méjìlá ni ààlà: ibikíbi tí ẹ bá dé, ẹ yí padà.

Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kéré jù, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Ẹ má kó ọ̀rá náà sínú báàgì bẹ́ẹ̀ o. Ẹyọ kan á bẹ́ lábẹ́ oúnjẹ, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ̀yìn yín á fi tutù, ìdá kan nínú mẹ́fà omi yín ti lọ nìyẹn, aṣọ àti fóònù sì ti mu ún. Ẹ tú u sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike láti ilé. Tí ìdajì bá ti tán kí ẹ tó dé òkìtì tó kẹ́yìn, ẹ padà. Omi tó dúró nínú kòtò àpáta lókè kì í ṣe mímu.

Ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Wèrèpè máa ń gbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, etí ọ̀nà tí oòrùn ń tàn sí ló sì fẹ́ràn jù, ọ̀nà eléèédú gan-an. Èso rẹ̀ dà bí ẹ̀wà tó wọ aṣọ onírun pupa rẹ́súrẹ́sú. Tó bá kàn yín, ẹ má fọwọ́ ra á: ẹ ń gún irun náà wọlé nìyẹn. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣí i, ẹ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Aṣọ náà ní láti kúrò lára yín. Sẹ́lótéèpù kékeré kan ò wúwo, ó sì wúlò ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn ènìyàn ń kó lọ.

Igi tí wọ́n tò tí wọn ò tíì sun jẹ́ ilé paramọ́lẹ̀ àti àkeekèé. Kì í ṣe àga. Tí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi okùn dì í, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, ẹ gbé e, kó má rìn, ilé ìwòsàn ńlá ló ń lọ. Òkìtì tó ṣì ń jó lábẹ́ náà wà: yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lè tutù lójú, kí inú rẹ̀ jẹ́ ẹyín iná. Ẹni tó bá gun orí rẹ̀ láti ya fọ́tò á já wọ inú rẹ̀.

Ti ààbò kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ẹ má lọ láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Amọ̀tẹ́kùn bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ọmọ ìbílẹ̀ kan tàbí ọdẹ kan tó máa bá yín rìn, kí ẹ sanwó iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà sílé. Ọdẹ náà á tún mọ ibi tí tàkúté wà, èyí tí fóònù ò lè sọ fún yín.

Ó ti wá kan òkìtì tó kẹ́yìn. Ẹ dúró sójú rẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tí ẹ bá wá. Ẹ má wo ibi tí orí òkè wà. Ẹ wo èjìká òkè, ibi tó ti rọ̀ jù. Màlúù ò ní gun ibi tó ga ṣánṣán, àyíká èjìká yẹn ló ń gbà. Ẹ rìn lọ ní ìbú, ní ẹ̀gbẹ́ ìdí àpáta, kí ẹ má gòkè, kí ẹ má sì sọ̀, títí ẹ ó fi gé ọ̀nà màlúù kọjá. Ẹ ò ní ṣàìmọ̀ ọ́n: ìlà ìlà ni, ìgbẹ́ màlúù á wà nílẹ̀. Èyí tó ṣì tutù lójú, òní ni. Èyí tó ti ní èèpo lójú tí abẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n ti kọjá, àmọ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Èyí tó gbẹ tí ikán ti mú, ọ̀nà yẹn lè ti di àtijọ́. Tí ẹ bá rí lékeléke tó ń fò tó ń bà lókè lọ́hùn-ún, ẹ ò nílò ìgbẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n ń bá rìn.

Lórí àpáta, ohun méjì ló ń gbé ènìyàn ṣubú. Ìlà dúdú tí omi máa ń gbà ṣàn kì í yọ̀ tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n ìrì òwúrọ̀ nìkan tó láti sọ ọ́ di ọṣẹ. Èkejì burú ju ìyẹn lọ: koríko tó tẹ́ sára àpáta bí ẹní. Ó dà bí ilẹ̀ tó dúró, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ò wọ ibì kankan, ẹní náà á sì ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín lódidi. Àpáta gbígbẹ tó nù lójú ni kí ẹ máa tẹ̀.

Pápá orí òkè kì í ṣe pápá ńlá kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Abala abala ni, níbi tí yẹ̀pẹ̀ ti kóra jọ láàárín àpáta, tí màlúù ń lọ láti ọ̀kan sí ìkejì. Ẹ má gba àárín agbo kọjá, ní pàtàkì tí ọmọ màlúù bá wà níbẹ̀. Ẹ gba apá ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa rí yín. Ẹ pe darandaran láti òkèèrè kí ẹ tó sún mọ́ ọn. “Sannu” tó, ọ̀pọ̀ wọn á sì fi Yorùbá tó já gaara dá yín lóhùn. Tí àwọn ìyàwó wọn bá ń ṣe wàrà nítòsí, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Bòmubòmu ni ọ̀pọ̀ fi ń mú kó dì, wàrà gbígbóná náà sì ju èyí tó ti wà nínú omi láti àárọ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ohun tó ń da yín láàmú ní gígòkè á wá di ìrànlọ́wọ́. Oríta tó ń pín nígbà tí ẹ ń lọ, ńṣe ló ń para pọ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ẹ̀ka yòówù tí ẹ bá bọ́ sí, ibi tó fẹ̀ sí i ló máa gbé yín dé. Àfi ọ̀nà omi tínínní yẹn nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀nà ń tóóró dípò kó máa fẹ̀, ẹ ti bọ́ sí i nìyẹn. Ẹ padà sójú òkìtì. Ní ẹnu títì, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ẹnì kan tó jókòó ti àpò èédú rẹ̀. Ẹ kí i, kí ẹ bi í bóyá ọ̀kadà tó ń bọ̀ wá kó èédú lè gbé yín dé ibùdó ọkọ̀, kí ẹ sì dúró sí apá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ wá sórí àpò. Tí ẹ bá dúró sí apá kejì, gbogbo dúdú èédú ni afẹ́fẹ́ máa kó bá yín.